Omi Tó Tètè Jáde

Ọjọ́ tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ sọ̀ mí kalẹ̀ sínú kànga, ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo kígbe débi pé àwọn tó ń kọjá dúró wò wá. Bàbá Sàlámì ọ̀gá mi, ọmọ Ìsẹ́yìn, kàn lóṣòó sétí ihò náà, ó ní, "Pariwo tán kó o tó máa gbẹ́. Ilẹ̀ ò ní gbọ́ ẹ." Bí mo ṣe di agbẹ́kànga nìyẹn, mo sì ṣe é fún ohun tó lé ní ogún ọdún, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìkòtún, láti Ìgándò dé Bàrúwà.

Nígbà yẹn, omi ẹ̀rọ ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Àbí ó ti wá dé báyìí náà ni? Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀, omi ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Sọ́fẹ́yọ̀ á wọn ojú ilẹ̀ tán, á bá tiẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀, àwa tá à ń wọ ibẹ̀ la mọ̀ ọ́n. Bàbá Sàlámì kọ́ mi pé kí n máa wo ohun tí garawa ń gbé jáde. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ pupa tó le, tí dígà ń ta padà lára ẹ̀, ilé á dúró níbẹ̀. Bó bá jẹ́ amọ̀ dúdú tó ń rùn, omi ló ni ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn ló kàn yá yín lò. Ó ní, "Bí omi bá yá jù, ẹni tó máa sùn lókè ẹ̀ ni kó o máa bẹ̀rù fún."

Mo gbọ́ ọ, mo sì mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn.

Tíṣà Ọlátúnjí àti ìyàwó ẹ̀, Ìyá Bísí, ló wá bá mi nígbà ọyẹ́ ọdún kan. Tíṣà ń kọ́ ọmọ nílé ìwé, ìyàwó ń ránṣọ, yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n gbà ní Mushin pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Onílé ti ní kí wọ́n kó jáde. Wọ́n ti wo Akọ́wọ́njọ, ọwọ́ wọn ò tó o. Wọ́n wo Bàrúwà, ibẹ̀ wù wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ pé kànga ibẹ̀ ń lọ sí ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà, ẹ̀rù owó ẹ̀ bà wọ́n. Ó wá ku púlọ́ọ̀tì kan ní Ìgándò, ní ìsàlẹ̀ kan báyìí, odindi púlọ́ọ̀tì lówó pọ́ọ́kú. Tíṣà kì í ṣe òmùgọ̀ o. Ó ní òun ò ní san owó ilẹ̀ tán àfi kí òun kọ́kọ́ rí omi lójú ara òun.

Bàbá Jìmọ̀ ni olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ náà. Òun náà ló ń fún mi ní ìdajì iṣẹ́ tí mò ń ṣe lọ́dún. Nígbà tí mo ń wọ ihò lọ, ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, "Bàbá Wàsíù, ẹnu ẹ ni iṣẹ́ ẹ wà o." Wàsíù ni àkọ́bí mi, orúkọ ẹ̀ ni gbogbo èèyàn fi ń pè mí.

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án péré, nínú ọyẹ́, nígbà tí ètè ń bó, omi rú sí mi lẹ́sẹ̀! Ìyá Bísí wo inú ihò, ó figbe ta. "Omi! Jésù ṣeun o, omi ti dé!" Ó kúnlẹ̀ sínú eruku, orin ọpẹ́ bọ́ sẹ́nu ẹ̀. Bísí ọmọ ẹ̀, ọmọ bí ọdún mẹ́wàá, ń jó yí ìyá ẹ̀ ká. Mo jáde, amọ̀ dúdú dé ìgbúnwọ́ mi, ó ń rùn.

Tíṣà sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá Wàsíù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó dáa?"

Bàbá Jìmọ̀ káwọ́ lẹ́yìn, ẹnu mi ló tẹjú mọ́.

Mo ní, "Omi dáa, sà. Ó mọ́ lóló."

Mi ò purọ́. Wọ́n bi mí ní omi, mo fi omi dá wọn lóhùn. Bí mo ṣe ń tan ara mi jẹ nìyẹn, gbogbo ọ̀nà ilé ni mo fi ń sọ ọ́ fún ara mi.

Wọ́n sanwó tán, wọ́n kọ́ yàrá mẹ́ta, wọ́n kan òrùlé, wọ́n kó wọlé kí òjò tó dé. Ìyá Bísí gbé ìrẹsì àti ẹran wá fún wa nílé. Ìyàwó mi ní kí ló dé tí mi ò jẹun. Mo ní inú ń run mí.

Nígbà tí òjò wá rọ̀ dáadáa, Tíṣà ránṣẹ́ pè mí. Kànga yẹn ti kún dé ẹnu, ènìyàn lè fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi mu níbẹ̀. Nínú ilé, omi ń yọ láti abẹ́ símẹ́ńtì, ó ti dé ojúgun. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lé orí àpótí, àwọn ọmọ kékeré jókòó lórí tábìlì, Bísí gbé àbúrò ẹ̀ pọ̀n, ó ń gbọ́n omi pẹ̀lú abọ́.

Tíṣà ò bú mi. Jẹ́jẹ́ ló fi béèrè. "Bàbá Wàsíù, ọjọ́ yẹn, ṣé ẹ mọ̀?"

Háà! Irọ́ wà lẹ́nu mi, ó kù díẹ̀ kó jáde. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ń wò mí.

"Mo mọ̀, sà."

Ó mirí, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé. Ì bá gbá mi létí, ì bá sàn fún mi.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú omi náà níwájú Ìyá Bísí. Ó ní, "Ẹ dìde, jàre. Ìdọ̀bálẹ̀ ò lè mú omi gbẹ. Ẹ̀yin lẹ wà nínú ilẹ̀, àwa, òkè la wà. Ta ni ká bi, bí kò ṣe yín?" Ó nu ojú. Ó ní, "Màá máa rán èèyàn sí yín. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ilẹ̀ nínú ìjọ wa. Ohun tẹ́ ẹ bá rí lábẹ́ ibẹ̀, ẹ sọ fún wọn. Bí ẹ ò bá sọ, Ọlọ́run á bi yín."

Tíṣà lè ta ilé náà o. Ní gbogbo ọyẹ́, àwọn tó fẹ́ rà á ń wá. Á ní, "Ọmọ mélòó lẹ bí?" Bí wọ́n bá ti dáhùn, á ní òun ò tà á mọ́. Inú ilé náà ni wọ́n wà, ọdọọdún ni wọ́n ń da yanrìn sí i.

Ìyá Bísí sì ń ránṣẹ́ lóòótọ́. Mo ń sọ òdodo fún àwọn tó bá rán wá, Bàbá Jìmọ̀ àtàwọn èèyàn ẹ̀ sì gba gbogbo iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ mi. Ebi pa wá lọ́dún yẹn, mi ò ní fi bò.

Ó pẹ́, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo fiṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni Bísí wọlé, ó ti dàgbà, ó ti relé ọkọ, ọkọ ẹ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n ti rí ilẹ̀ kan lẹ́yìn Ìkòtún. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màámi ní ká má sanwó tí ẹ̀yin fúnra yín ò bá tíì wọ inú ẹ̀."

Ẹ̀yìn dídùn ò lè dá mi dúró. Mo dìde, mo gbé dígà, mo bá wọn lọ síbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin onílẹ̀ ló di okùn mú fún mi. Ó tó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá kí omi tó kàn mí lẹ́sẹ̀, amọ̀ tó wà níbẹ̀ sì dúdú bí èédú. Lókè, wọ́n ti ń hó yèè. "Omi ti dé! Ọ̀gá, ẹ sanwó!" Ẹni tó gbọ́n á kọ́kọ́ jáde ná, kó tó sọ̀rọ̀. Okùn mi ṣáà wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí ọkọ Bísí ń ṣí báàgì.

Mo kígbe látinú ihò, "Bísí! Ẹ má rà á o! Àbàtà ni!"

Lẹ́yìn náà ni okùn já bọ́ lé mi lórí, mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ń lọ. Mo dúró sínú omi, àgbàlagbà bíi tèmi. Ojú Bísí ló yọ lókè. "Bàbá Wàsíù, ẹ ju okùn náà sókè, àwa máa fà yín."

Tọkọtaya náà fà mí títí mo fi jáde, wọ́n ń mí hẹlẹ. Mo fẹ́ máa ṣàlàyé, bí amọ̀ ṣe rí, bí ibẹ̀ á ṣe rí tójò bá dé. Bísí gbé mi jókòó. Ó ní, "Ẹ ti sọ ọ́, Bàbá. Ó ti tó."