Ta Ló Máa Fún Epo Tí Ẹ Bá Ti Jó Igbótako?

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin yìí fẹ́ pa mí. Ọdún méjì gbáko ni mo fi to ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ayé àtijọ́ sínú gẹ́ẹ̀mù ogun àti òwò kan tí wọ́n ń gbá lórí kọ̀ǹpútà: odò, oko ọ̀pẹ, Igbótako, Igbódìgò, Àjàgbà. Àwọn tó ni gẹ́ẹ̀mù ti dá a padà fún mi lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní ogun nìkan ló wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ṣòwò. Bí wọ́n bá tún dá a padà, ó parí nìyẹn.

Èmi ni mo ń pinnu èrè tí ẹni tó ń gbá a máa jẹ. Ẹni tó bá ra epo ní Igbótako, tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sétí òkun, á jèrè. Ẹni tó bá ṣẹ́gun ìlú, á kó epo ibẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni ẹ̀gbọ́n mi ń bá mi dán an wò. Kò tíì ní bọ́ sùtánà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn tí yóò fi dáná sun Igbótako. Mo fi kún èrè òwò, ó jó o. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, ó ṣòwò ẹ̀ẹ̀kan péré, ó fi èrè rẹ̀ kó ọmọ ogun jọ, ó tún jó o!

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò lè ra nǹkan bí ọmọ èèyàn ni?"

"Ṣé èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

Orí mi gbóná. Ìyá wa, tó ti ń fún epo ní Igbótako láti kékeré, yọjú wo kọ̀ǹpútà. "Ìlú tó jóná yìí, ta ló fún epo tí ò ń kó?"

Mo ní kọ̀ǹpútà ni.

"Kọ̀ǹpútà wo? Ẹyìn tí wọ́n kọ lónìí, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á ṣà á, wọ́n á sè é, wọ́n á gún un. Ṣé àwọn obìnrin tí ẹ lé sígbó ló máa wá ṣe é, nígbà tí ẹ ò tíì ránṣẹ́ lọ bẹ̀ wọ́n?"

Háà! Èmi ọmọ olépo, mo kọ epo bí ẹni pé inú ilẹ̀ ló ti ń sun! Ojú tì mí.

Mo tún un kọ. Bí o bá jó ìlú, kò sí epo, àfi tí o bá rán àwọn àgbà obìnrin lọ bẹ àwọn olépo tó sá sígbó, wọn kì í sì í gbà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jó Igbótako, ó jókòó ti eérú. Ó bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó bú mi, ó bú kọ̀ǹpútà. Ní Ìsinmi kejì, alágídí yẹn ra epo.

Mo fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni gẹ́ẹ̀mù. Èsì dé: àwọn gbà á, ó dára gan-an, ṣùgbọ́n kí n yọ ẹ̀bẹ̀ yẹn kúrò, ó ń fa gẹ́ẹ̀mù sẹ́yìn. Kí ẹni tó jó ìlú kàn san wúrà, kí epo máa bọ̀. Irú ìyà wo nìyí? Mo kà á sétí ìyá mi.

Ó ní, "Ta ni wọ́n máa san án fún?"

Mo kọ̀wé padà pé n kò ní yọ ọ́. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù. Mo sunkún, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n n kò yọ ọ́.