Ààlè Ara Igi Àgbálùmọ̀ Mámà

Ẹni tó bá ti tọ́jú arúgbó tó kọ oúnjẹ rí ló lè mọ ohun tí ojú mi rí lọ́dún yìí. Mámà, ìyá tó bí bàbá mi, wà lọ́dọ̀ mi ní Ìkàrẹ́ látìgbà tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀. Mo po ògì, ó yíjú sí ògiri. Mo gún iyán, ó ní kí n gbé e kúrò níwájú òun. Dókítà ní bí kò bá jẹun, oògùn kankan kò ní lè dá a dúró pẹ́. Èmi tí mo máa ń jágbe mọ́ àwọn tó ń kọ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ mi títí àdúgbò á fi gbọ́, mo wá ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ ìyá àgbà bí ẹni ń bẹ ọmọ ọwọ́. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an ni.

Nígbà tó yá, ó lanu. "Àgbálùmọ̀ mi ni mo fẹ́ jẹ."

Mo sáré lọ sọ́jà, mo ra èyí tó pọ́n dáadáa. Ó tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. "Mo ní tèmi. Ti Ọ̀kà."

Igi tó ń sọ yìí wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Ìwàrò-Ọ̀kà, Ọ̀kà kò sì jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n kí àìsàn tó mú un ló ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ààlè mọ́ igi náà. Ìyẹn ni pé ó ti fi àmì sí i pé olè kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èso rẹ̀, àti pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí, kó fara mọ́ ọn. Mámà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o! Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó jẹ́ pásítọ̀ bá a wí pé ṣé Ọlọ́run ń sùn ni, ó ní Ọlọ́run kì í sùn, àmọ́ olè ni kì í gbọ́ ohùn Ọlọ́run.

Mo bi í pé kí ló fi sínú ààlè náà, báwo la sì ṣe máa tú u. Ó ní, "Ààlè ni," ó pa ojú dé.

Ní Sátidé, èmi, ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n mi wọ mọ́tò, ó di Ọ̀kà. A kò tíì dé Àkùngbá tí àwọn ọkùnrin méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Ẹ̀gbọ́n mi ní oògùn ilẹ̀ wa kò ní rere kankan nínú, láti gbòǹgbò dé ewé, iṣẹ́ èṣù ni. Ọkọ mi, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ní yunifásítì, ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní lójú àwọn baba wa, oògùn fúnra rẹ̀ kò dáa, kò burú. Ó ní bí ọ̀bẹ ló ṣe rí, ọwọ́ ẹni tó mú un ló kù.

Mo ní, "Ó dáa. Tí a bá débẹ̀, ìwọ lo máa kọ́kọ́ mú ọ̀bẹ náà."

Ó ní kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ wò ó ná.

Àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ Ààfáà Mùsùlùmí, ló ń gbé inú ilé náà. Wọ́n mú wa lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n sì dúró lókèèrè. Ààlè rèé lóòótọ́: àjákù ìgbálẹ̀, ìkarahun ìgbín, àkísà pupa, àti ìgò kékeré kan tí nǹkan dúdú wà nínú rẹ̀. Ìgò yẹn ni kò jẹ́ kí ọkàn ẹnikẹ́ni balẹ̀. Àgbálùmọ̀ tó ti já bọ́ sì pọ̀ nílẹ̀ rẹpẹtẹ, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹnikẹ́ni kò ṣà á.

Bàbá Ààfáà ní ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni irú nǹkan báyìí nínú ẹ̀sìn àwọn, àwọn kò sì gbà á gbọ́ rárá. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò ṣà lára rẹ̀. Wọ́n ní àgbálùmọ̀ máa ń kan àwọn léyín. Ìyàwó wọn sọ fún mi lẹ́yìn náà pé Bàbá kì í gba abẹ́ igi yẹn kọjá mọ́ bí wọ́n bá ń lọ sílé ìyàgbẹ́. Ẹ̀yìn ilé kejì ni wọ́n ń gbà yí ká.

Bí a ṣe dúró síbẹ̀, ewúrẹ́ kan rọra wọlé, ó gbé àgbálùmọ̀ kan, ó ń jẹ ẹ́. Gbogbo wa ń wò ó bóyá á ṣubú. Ewúrẹ́ wò wá, ó gbé òmíràn.

"Ẹ rí i?" ni mo wí.

Bàbá Ààfáà mi orí. "Ewúrẹ́ kì í ṣe olè, ọmọ mi. Kò mọ̀ pé ohun kan ń jẹ́ ti ẹlòmíì."

Mo kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Bọ̀dá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lé ẹ̀mí èṣù ní gbogbo Fúráìdé ńkọ́?"

Ó ní Ẹ̀mí Mímọ́ kò tíì darí òun sí i. Ọkọ mi ń ya fọ́tò ìgbálẹ̀.

Inú bí mi! Ẹnu dùn-ún ròfọ́ ni gbogbo wọn. Arúgbó kan wà ní Ìkàrẹ́ tí ebi ń pa lọ, àwọn ọkùnrin mẹ́ta wá dúró, wọ́n ń bẹ̀rù ìkarahun ìgbín. Mo bọ́ bàtà mi, mo wọ abẹ́ igi náà. Mi ò ní tàn yín o, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mo sọ ọ́ sókè kí igi náà lè gbọ́: "Èmi kọ́ ni mo ń jẹ ẹ́ o! Mámà ló rán mi. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù." Mo ṣà á kún ìborí mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré jáde.

Nígbà tí a padà sí Ìkàrẹ́, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e fún Mámà. Ó gbóòórùn ọ̀kan, ojú rẹ̀ là. Lẹ́yìn náà ló na ọ̀kan sí mi.

"Jẹ tìrẹ."

Mo fà sẹ́yìn. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mo fi bo ara mi lábẹ́ igi. Kò sí ẹni tó rán mi pé kí n jẹ ẹ́.

"Mámà, ẹ jẹ tiyín ná."

"Mi ò dá jẹ ẹ́." Ó gbé tirẹ̀ sílẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Ọkọ mi wò mí. Ẹ̀gbọ́n mi wolẹ̀. Mo ní, "Mámà, ààlè yẹn ńkọ́?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo òmùgọ̀. "Ààlè wo? Olè ni mo so ó fún. Ọdọọdún lo máa ń wá bá mi jẹ ẹ́. Lọ́dún yìí, iṣẹ́ kò jẹ́ kí o wá, èmi náà rò pé wọ́n á ti ṣà á tán kí o tó dé. Ìwọ ni mo so ó dè, ìyá mi."

Mo bu ú jẹ. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní àgbálùmọ̀ náà ló kan. Mámà jẹ tirẹ̀, ó jẹ ìkejì, ó ní ògì dà. Ẹ̀gbọ́n mi rọra na ọwọ́ sí abọ́.

"Pásítọ̀," ni Mámà wí, "gbàdúrà sí i ná o."

A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbọ́n mi fi jáde sí gbàgede. Nígbà tí mo ń bọ́ ọ ní ògì, mo ní, "Mámà, nísinsìnyí tí a ti ṣà á, ṣé kí n lọ bá yín tú ààlè yẹn kúrò?"

Ó gbé ògì mì. "Fi í sílẹ̀ níbẹ̀," ló wí. "Ṣé o ò ní wá lọ́dún tó ń bọ̀ ni?"