Síńkì fún Àgbàdo Ìyá Ọkọ Mi

Ìyá ọkọ mi kì í fẹnu mọ níwọ̀n. Àgbàdo wọn kò tíì ga dé orúnkún tí wọ́n ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ pé oko àwọn ni àgbàdo àkọ́so ọdún náà yóò ti wá. Kò pẹ́ sí i ni ewé tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pẹ̀lú ilà funfun gbọọrọ, àgbàdo sì kọ̀, kò ga mọ́.

Mo mú ewé náà lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀, níbi tí mo ti ń tẹ̀wé fún àwọn ọ̀gá àgbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní ilẹ̀ náà kò ní síńkì tó, kí n ra ajílẹ̀ síńkì, kí a pò ó mọ́ omi, kí a fín in sí ewé. Kí n tó ráyè dé Alékùwòdó ní Òṣogbo lọ rà á, ọkọ mi ń lọ sí abúlé wọn. Mo ní, "Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé síńkì ni àgbàdo yẹn ń fẹ́."

Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọkọ mi kò ṣe wàhálà ẹrú, kò ṣe tọmọ. Ó sọ "síńkì" fún wọn, ó jẹ iyán, ó padà sí Òṣogbo.

Nígbà tí èmi àti ajílẹ̀ mi fi máa dé abúlé wọn lẹ́yìn Iléṣà, ilé ìdáná ti di gbàgede. Ìyá ọkọ mi ti ṣí gbogbo páànù orí rẹ̀, wọ́n ti tò ó sáàárín ebè àgbàdo. Wọ́n fi ọwọ́ kan di agboòrùn mú, wọ́n ń fi èkejì ro ọbẹ̀.

"Ìyàwó, o káre," ni wọ́n wí. "Àgbàdo mi ti wọ ulé. Èmi ni mo kù níta."

Bàbá ọkọ mi ní òun ò rí àgbàdo onílé rí.

Ẹ̀rín ń pa mí, ẹ̀rù sì ń bà mí, nítorí bí àgbàdo yẹn bá kú, ìyàwó Òṣogbo ló pa á. Mo ṣàlàyé pé síńkì tí mo wí kì í ṣe páànù òrùlé tí à ń pè ní síńkì. Wọ́n tú ọ̀rá ajílẹ̀, wọ́n wo ohun funfun inú rẹ̀.

"Iyọ̀ nìyí. O fẹ́ fi iyọ̀ sí àgbàdo kó tó dórí iná?"

A fọ páǹpù tí wọ́n fi ń fín kòkó, a tún un fọ̀, bàbá gbé e kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n sì fín in nígbà tí oòrùn rọlẹ̀. Nígbà tó yá, ewé tuntun yọ, ó tutù yọ̀yọ̀. Inú mi dùn débi pé mo jó nínú oko. Mo ní kí a wá kó páànù padà.

"Rárá o," ni ìyá ọkọ mi wí. "Ta ló mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì?"

Gbogbo òjò ọdún yẹn la fi dáná lábẹ́ agboòrùn.

Lọ́jọ́ àkọ́so, àgbàdo wọn ló yọrí jù níwájú pẹpẹ. Wọ́n jẹ́rìí, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó wọn láti Òṣogbo, omijé sì bọ́ lójú mi. "Ó ní síńkì," ni wọ́n sọ fún ìjọ, "mo sì fi síńkì sí i." Wọn kò dárúkọ ajílẹ̀ rárá.

Ní àsìkò ọ̀gbìn tó tẹ̀lé e, nígbà tí ọkọ̀ wa wọ abúlé, ilé ìdáná mẹ́ta ni mo rí tí kò lórùlé mọ́.