Bàbá Fara-balẹ̀ àti Ọ́ìlì Ọkọ̀ Rẹ̀

Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn ọjọ́ tí Bàbá Fara-balẹ̀ mú kí ọ́ìlì sá eré ìje. Àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà náà pàápàá máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ìṣojú wọn ló ṣe.

Ohun tó gbé e dé ṣọ́ọ̀bù ọlọ́ìlì láàárọ̀ ọjọ́ náà kò ju pé àsìkò tó láti pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i ni, kò tíì mọ irú ẹni tó wọlé tọ̀ ọ́. Ó gbé ọ́ìlì tó wọ́n jù lọ sílẹ̀, ó ní òun ló dára jù. Bàbá béèrè pé ó dára jù fún ta ni. Ọlọ́ìlì gbé òmíràn, ó tún gbé òmíràn, títí orí káńtà fi kún. Bàbá ń yí wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka ẹ̀yìn ike bí ẹni tó ń wá orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé ogún. Nígbà tó rẹ ọlọ́ìlì, ó ní kí Bàbá má wulẹ̀ da ara wọn láàmú, pé ọ́ìlì kan náà ni gbogbo wọn, àwọ̀ ike ló yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó bá a.

Bàbá ní kó wá páànù pẹlẹbẹ kan fún òun. Ó fi orí páànù náà ti bẹ́ǹṣì níta, ó yọ ṣíbí kan láti inú àpò ara rẹ̀, ó sì bu ọ́ìlì kọ̀ọ̀kan sókè páànù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n jọ máa ṣàn bọ̀ nísàlẹ̀. Kò pẹ́ tí èrò fi pé. Onígbàjámọ̀ òdìkejì títì sáré jáde, ó fi oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdajì irun lórí; oníbàárà náà sì tẹ̀ lé e jáde. Aránṣọ ní èyí tó ti inú ike aláwọ̀ ewé jáde ni tòun. Ọlọ́ìlì fúnra rẹ̀ gbàgbé pé ọjà òun ni wọ́n ń dà sílẹ̀, ó ń bẹ ti inú ike pupa pé kó má dójú ti òun.

Èyí tó ṣàn jù ló gba ipò kìíní, wọ́n sì hó yèè fún un. Nígbà yẹn, ẹni ìkẹyìn ò tíì rìn dé ìdajì páànù, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́. Bàbá nàka sí i, ó ní òun ni kí wọ́n dì fún òun.

“Bàbá, èyí ló gbẹ̀yìn,” ni ọlọ́ìlì wí.

“Mo rí i. Ọkọ̀ mi ti dàgbà, gbogbo oríkèé rẹ̀ ló ti ṣí. Èyí tó ń sáré yẹn, á kàn gba inú rẹ̀ kọjá láìkí i ni.”

Atẹ̀wé ni Bàbá Fara-balẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá ló dúró tì láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ pé ẹ̀rọ tí wọn ò bá fún ní epo tó bá a mu, ìwé oníwèé ni yóò fi ya dànù. Ó ga, ó tín-ínrín, àkísà funfun kan kì í sì í kúrò lápò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ funfun yẹn ti di ìtàn. “Fara balẹ̀” ló máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kánjú, òun náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó sọ ọ́ fún àwọn awakọ̀, ó sọ ọ́ fún òjò. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí àkọ́bí wọn, ó sọ ọ́ fún agbẹ̀bí, agbẹ̀bí sì tì í síta.

Ọdún tí wọ́n bí ọmọbìnrin náà gan-an ló ra ọkọ̀ rẹ̀. Funfun ni ọkọ̀ náà nígbà tó dé. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó di àwọ̀ tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Bí àlejò bá wá kí wọn, Bàbá á nàka sí ọmọ, á nàka sí ọkọ̀, á ní ẹgbẹ́ ni wọ́n. Inú ọmọbìnrin náà kì í dùn sí i rárá nígbà tó dàgbà, nítorí pé gbogbo ọkùnrin tó bá ti rí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yẹn ló ti mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Olùkọ́ ni ìyàwó rẹ̀, obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ìpẹ̀kun ọgbà ilé-ìwé láìjẹ́ pé wọ́n lu agogo. Ó fara da púpọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ó wọ yàrá ìjẹun, ó bá oríṣiríṣi fítà ọ́ìlì lórí aṣọ tábìlì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Asẹ́ kékeré ni fítà jẹ́ fún ọkọ̀, òun ló ń gba ìdọ̀tí lára ọ́ìlì kí ọ́ìlì tó padà sínú ẹ́ńjìnnì. Bàbá ń fi ìka tẹ rọ́bà etí wọn wò, ó ń gbé wọn sókè síbi ìmọ́lẹ̀ láti yẹ ìṣẹ́po bébà inú wọn wò, gbogbo nǹkan tó sì wà nílẹ̀ láti jẹ ti tutù.

“Bàbá wọn,” ni ìyàwó rẹ̀ wí látẹnu ọ̀nà, “nígbà tí ẹ fẹ́ fẹ́ mi, ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ fi wò mí tí ẹ fi lọ bá bàbá mi. Kí ló dé tí ẹ ò fara balẹ̀ nígbà tèmi?”

Kò gbójú sókè. “Wọn ò kọ irọ́ kankan sí ọ lára,” ló fi dá a lóhùn.

Obìnrin náà padà sí ilé ìdáná pẹ̀lú ìbínú tó mú wá. Aládùúgbò tó wà lójú fèrèsé ní kò pẹ́ tí òun fi gbọ́ tó ń kọrin.

Ti fítà afẹ́fẹ́ tún wá yàtọ̀. Fítà yẹn ló ń sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà sínú, Bàbá sì ní ohun tí òun ò bá lè mí nínú rẹ̀, òun ò ní jẹ́ kí ọkọ̀ òun mí nínú rẹ̀. Ló bá gbé fítà kan bo imú àti ẹnu ní ṣọ́ọ̀bù ọlọ́ìlì, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó sì ń rìn lọ sí ìpẹ̀kun àdúgbò. Nọ́ọ̀sì kan tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ pàdé rẹ̀, ó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Bàbá dáhùn láti inú fítà, ṣùgbọ́n ìkùnsínú lásán ni nọ́ọ̀sì gbọ́. Ó mú un jókòó sórí òkúta, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Wọ́n ti sáré lọ pe ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà sì ti dé tòun ti ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́, kí Bàbá tó gbé fítà kúrò lójú. Ó wo gbogbo wọn, ó dúpẹ́ pé wọ́n dúró ti òun. Ó ní èyí ò gba afẹ́fẹ́ dáadáa, òun ń lọ gbé èkejì wò.

Ẹnì kan ṣoṣo ló gbà kó fọwọ́ kan ọkọ̀ náà, ìyẹn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe, mẹkáníìkì tí gbogbo ayé ń pè ní Ọ̀gá Yára. Bí Bàbá ṣe ń sọ fún ayé pé kó fara balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá Yára ń sọ fún un pé kó yára. Bí wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́, Ọlọ́run nìkan ló yé. Wọ́n kàn jọ máa ń jà ni, ó sì tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn.

Ìjà kan wá dé tí kò tẹ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn. Bàbá ti ṣa fítà ọ́ìlì tó fẹ́, ó ti gbé e fún Ọ̀gá Yára pẹ̀lú ọkọ̀. Nínú ìkánjú rẹ̀, Ọ̀gá Yára de fítà náà mọ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tó mọ̀, ó wá òmíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì, ó dè é mọ́ ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì dákẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá ṣáná sọ́kọ̀, ẹ́ńjìnnì sì dún bí òkúta nínú agolo, iná ọ́ìlì pupa tó wà níwájú awakọ̀ ò sì tètè kú. Ó pa á, ó jókòó síbẹ̀. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé fítà yìí ti jẹ́ kí gbogbo ọ́ìlì padà sísàlẹ̀ lóru, pé ọkọ̀ náà jí, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gbẹ.

Ó wà á lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá Yára kọ́kọ́ búra pé fítà tí Bàbá gbé wá ni. Ó búra lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá ní kó tú u wò. Nígbà tó tú u, àwọn méjèèjì rí i pé kì í ṣe èyí tí Bàbá ṣà ni.

“Fítà ò dùn mí,” ni Bàbá wí. “Ìbúra yẹn ló dùn mí.”

Láti ọjọ́ náà, kò bá Ọ̀gá Yára sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kò lè gbé ọkọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, nítorí náà ó ṣì ń wá, ó sì ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀, á kọ ẹ̀yìn sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ló wá ń bá sọ̀rọ̀.

“Ọkọ̀,” á ní, “bá mi sọ fún ẹni tó wà lábẹ́ rẹ pé bíréèkì ń dún.”

Ohùn á sì jáde láti abẹ́: “Ọkọ̀, sọ fún ẹni tó ni ọ́ pé mo ti gbọ́.”

Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìyàwó àwọn méjèèjì bẹ̀ wọ́n títí ó fi sú wọn. Ó dé ibi pé àwọn oníbàárà tó bá wọ ọgbà mẹkáníìkì náà bẹ̀rẹ̀ sí í kí ọkọ̀ náà kí wọ́n tó kí ẹnikẹ́ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Ọ̀gá Yára níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ìrora tó ká a kò sílẹ̀ bí ẹja gbígbẹ. Bàbá gbọ́ ìkérora lẹ́yìn rẹ̀, ó yíjú padà. Ọkọ̀ kún inú ọgbà yẹn, ṣùgbọ́n táyà ò sí lẹ́sẹ̀ èyí, ẹ́ńjìnnì tọ̀hún wà nílẹ̀ lórí páálí, òmíràn ò tilẹ̀ ní ìjókòó. Nínú gbogbo wọn, èyí tó dàgbà jù nìkan ló lè rìn.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Bàbá kì í gbé ọkọ̀ yẹn kúrò lójú kan láìjẹ́ pé ó ti jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná. Á ṣáná sí i, á nu gíláàsì, á nu orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á tún jókòó tẹ́tí sí i, kí ọ́ìlì lè dé gbogbo ibi tó yẹ kó dé. Lọ́jọ́ yẹn, wọn ò tíì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tán tí ọkọ̀ ti bọ́ sójú títì. Ẹ́ńjìnnì ń ké. Ọ̀gá Yára, tó nà gbalaja sẹ́yìn, gbọ́ igbe náà pẹ̀lú gbogbo ìrora rẹ̀.

“Ọkọ̀,” ló wí, ohùn rẹ̀ ò fẹ́ẹ̀ jáde, “sọ fún ẹni tó ń wà ọ́ pé ọ́ìlì ò tíì dé òkè.”

“Dákẹ́ jàre,” ni Bàbá wí. “Ọ́ìlì, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Irú tìẹ, mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ rí i rà.”

Ọ̀gá Yára di ìjókòó mú. Ó máa ń sọ lẹ́yìn náà pé láyé òun, ọ̀rọ̀ ò dùn mọ́ òun nínú tó bẹ́ẹ̀ rí, inú náà ló sì ń run òun.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Dókítà ní ká ní wọ́n pẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá di nǹkan mìíràn. Nígbà tó lajú, nọ́ọ̀sì bi í pé ta ló tètè gbé e dé báyìí. Ó ní Bàbá Fara-balẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ó ní oògùn tí wọ́n fi kùn ún lóorun ò tíì kúrò lójú rẹ̀.

Wọ́n tún jọ jà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ìjà gidi tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn oúnjẹ, Bàbá jókòó sí ibi tí òjìji gbé bo iwájú ilé, ó sùn lọ, kò sì jí mọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ìyẹn wà lára ìwọ̀nba ohun tó yára ṣe láyé rẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ náà báyìí bó bá wá sílé. Nígbà tí àsìkò tó láti pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, ìyá rẹ̀ ní òun fúnra òun ni òun fẹ́ lọ rà á, kí Ọ̀gá Yára kàn sin òun lọ. Kò ra ọ́ìlì ọkọ̀ rí láyé rẹ̀.

Ọlọ́ìlì, tí irun rẹ̀ náà ti ń funfun, to ọ́ìlì sórí káńtà fún un. Ọ̀gá Yára fẹ́ nàka sí ọ̀kan, ìyá náà gbọ́wọ́ sókè pé kó fi òun sílẹ̀. Ó ṣí ìdérí àkọ́kọ́, ó gbé e sí imú, ó mirí. Ó ṣí òmíràn, ó tún mirí. Nígbà tó kan ọ̀kan, ó gbé e sí imú, kò sì tètè gbé e kúrò.

“Èyí ni,” ló wí.

Ọlọ́ìlì wo Ọ̀gá Yára, Ọ̀gá Yára mi orí sókè sódò. Òun náà ni. Ọlọ́ìlì wá bi Màmá pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n.

“Ta ló ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá? Òórùn yìí ni mo fi gbogbo ayé mi bá jà.”

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an, títí ọlọ́ìlì fi ní òun ń lọ wá báàgì sẹ́yìn, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí báàgì ṣe ń pẹ́ ẹ́ rí lọ.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Ọ̀gá Yára fẹ́ gba ọ́ìlì náà kó fi sínú búùtù. Ìyá náà ní rárá. Ó gbé e lé itan rẹ̀ títí wọ́n fi délé, kò sì dé ìdérí rẹ̀ pa.