Àwo Tí Kò Ní Olórin

Mo ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ ìró ìyá ọkọ mi lọ́wọ́ nígbà tí rédíò aládùúgbò kéde aago mẹ́ta. Mo lọ ìró tán, mo lọ bùbá, mo gbé méjèèjì kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì da eérú inú áyọ́ọ̀nù sí ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn náà ni mo wọ yàrá, mo fa àwo orin kan yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, mo fi aṣọ ìnura wé e. Ìyá ọkọ mi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọn ò gbójú sókè.

"Kí ló wà lábíyá rẹ?"

"Àwo orin ni, Mà."

"Orin ta ni?"

"Ti sinimá ni, Mà. Kò sẹ́ni tó ń kọrin nínú ẹ̀. Àwọn onífèrè àti onífáólíìnì nìkan ni."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó wò mí. "Orin tí kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́," ni wọ́n wí. Wọ́n ju òkúta kan dànù nínú ẹ̀wà. "Ó dáa. A ó máa wò ó."

Ọdún yẹn ni wọ́n ń la títì ńlá tó lọ sí Badagry. Eruku pupa kì í kúrò lára ohunkóhun ní Okokomaiko: lórí ewé, lórí aṣọ tí a sá, nínú gaàrí. Ọkọ mi ń bá àwọn tó ń la títì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n òkè Ọya ni wọ́n gbé iṣẹ́ tiẹ̀ lọ, ó sì máa ń pẹ́ kó tó wálé. Ìyá rẹ̀ ló fi ṣọ́ mi. N kò sọ ọ́ bí ẹni ń ṣàròyé. Ohun tó ní kí wọ́n ṣe nìyẹn, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa. Mo ń fi ẹ̀rọ tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Ọ̀jọ́. Láti ọ́fíìsì, ilé. Láti ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà. Ibì kan ṣoṣo tó kù tí mo ń lọ ni ilé bàbá kan tó ní rédíògíráàmù, àpótí rédíò tó tún ń lu àwo orin, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú.

Akọ̀wé ni bàbá yìí ní èbúté kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí owó epo dé, tí ìjọba bu owó lé owó oṣù, tí kálukú ń ra ohun tí ojú rẹ̀ ti ń wá tipẹ́, rédíògíráàmù ni òun rà. Ó tóbi bí pósí, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló sì fi dúró sí pálọ̀. Àwọn tó fẹ́ràn orin sinimá ló máa ń pé jọ síbẹ̀. Láti Íńdíà ni púpọ̀ nínú àwọn àwo náà ti wá, a sì ń kọ wọ́n ní èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́. Alájì kan wà, ará Ọ̀yọ́, tó ń ta táyà ní Ìyànà Ìbà. Ó lè kọ ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó máa ju ọwọ́, kó máa mi orí, síbẹ̀ kò mọ̀ bóyá ìfẹ́ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ tàbí ìjà ilẹ̀.

Wọ́n ní àṣà kan. Ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ mú àwo tirẹ̀ wá. Bí wọ́n bá gba àwo náà, kò ní í padà sílé mọ́. Inú kọ́bọ́ọ̀dù Bàbá ló máa wà pẹ̀lú àwọn yòókù, ẹnikẹ́ni sì lè ní kí wọ́n gbé e sí i. Bí wọn ò bá gbà á, olówó rẹ̀ á wé e, á gbé e lọ. Láti ìgbà ọyẹ́ ni mo ti ń lọ síbẹ̀, ìdí ilẹ̀kùn ni mo sì ń jókòó sí, bí àlejò.

Bí mo ṣe rí àwo tèmi nìyí. Ìyàwó sójà kan wà nínú wa tó ń gbé inú bárékè Ọ̀jọ́. Òun ló mú mi wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń fi sinimá han àwọn ìdílé sójà. Fíìmù òyìnbó ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ yẹn: apẹja kan wà, ó kan ọkọ̀ ojú omi, ó gbéyàwó, ó lọ sí òkun, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé bọ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọrin. Àwọn èèyàn ń pòṣé, àwọn mìíràn ń sùn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò tíì kú tí omi fi bọ́ lójú mi. Mo nu ojú mi, mo sì fura. Òkun pa rọ́rọ́. Búrẹ́dì ni ọkùnrin náà ń jẹ. Kí ni mo ń sunkún sí? Mo tẹ́tí, mo wá gbọ́ àwọn fáólíìnì tí wọ́n ti ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́lẹ̀. Àwọn ló ti sọ fún mi pé ọkùnrin náà ń kú lọ, kí fíìmù tó sọ ọ́. N kì í fẹ́ kí ohun tí n kò rí máa darí mi. Mo wá àwo náà kiri láti mọ bí wọ́n ṣe rí mi mú. Ẹni tó tà á fún mi rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti wà lọ́wọ́ òun pẹ́, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ rí.

Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tí mo gbé e lọ, ó fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀, ó sì gbé e sórí ẹ̀rọ, ẹ̀yìn lókè. Bó ṣe máa ń ṣe gbogbo àwo nìyẹn. Lójú tiwọn, ẹ̀yìn àwo ni orin tó dùn jù máa ń wà, nítorí náà ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbọ́, bí ọmọ tí ojú ń kán, tó kọ́kọ́ mú ẹran inú ọbẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè rí. Èmi náà kò bi í.

Abẹ́rẹ́ balẹ̀. Fèrè idẹ ló kọ́kọ́ dún, ó ń fà, ìlù kan sì ń lù lábẹ́ rẹ̀, ẹyọ kan, ẹyọ kan.

Ìyàwó sójà náà nara sókè. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé abẹ́rẹ́ yẹn kúrò."

"Kí ló dé?"

"Irú eléyìí ni wọ́n máa ń fọn tí wọ́n bá ń sin sójà. Ẹ̀yìn ilé wa ni wọ́n ń gbà kọjá. Mo ti gbọ́ ọ tó nígbà ogun. N ò wá gbọ́ ọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

"Èmi ò gbọ́ ti òkú o," ni Alájì wí. "Ti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo gbọ́. Ìyàwó, ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ fọgbọ́n ṣe ìrìbọmi fún wa báyìí?"

"Rárá, Alájì," ni mo dáhùn.

"Ta wá ni olórin ẹ̀?"

"Kò ní olórin, sà."

"Kò ní!" Ó yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ gbọ́ mi. Wọ́n yọ olórin kúrò nínú àwo, wọ́n wá ta ìyókù fún ọmọ ọlọ́mọ. Bí ìgbà tí wọ́n ta mọ́tò fún èèyàn tí wọn ò fi ẹ́ńjìnnì sí i. Táyà nìkan ló kù níbẹ̀. Ìyàwó, tó bá jẹ́ táyà lẹ fẹ́ rà, ẹ̀ bá ti wá sọ́dọ̀ mi!"

Gbogbo pálọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹni tí kò bá rín in nìkan ló máa ń wù wọ́n láti tún fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Bàbá kò lé àwo náà. "A ò tíì gbọ́ ọ tán," ló wí. "A ó máa gbé e sí i nígbà tí a bá fẹ́ dìde." Bó ṣe di àwo ìdìde nìyẹn. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí àwọn orin gidi bá parí, Bàbá á gbé e sí i, ẹ̀yìn lókè, kálukú á sì máa wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàtà ọdún yẹn ga, ìdí wọn nípọn bí búrẹ́dì, okùn wọn sì pọ̀, ṣùgbọ́n ní àkọ́kọ́ àwọn èèyàn ń dè wọ́n bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

Mo ń gbé e padà sílé. Ìyá ọkọ mi ń wò mí.

"O tún gbé e bọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Lọ́jọ́ kan wọ́n sọ tẹnu wọn tán. "Wò ó. Ìyàwó ilé ń jáde ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, ó di nǹkan mọ́ abíyá. Ó ń padà bọ̀, nǹkan kan náà ló tún dì mọ́ abíyá. O ní ẹni tí wọ́n bá gbà ló ń fi tiẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó dáa. Tí ọmọ mi bá dé nígbà Kérésì, tí nǹkan yìí ṣì ń bá ọ wálé, màá sọ fún un pé n ò mọ ibi tí ò ń lọ. Irọ́ kọ́ ni màá pa." Mo mọ̀ pé wọ́n á sọ ọ́. Mo sì mọ̀ pé bí wọ́n bá sọ ọ́, ọjọ́ Àìkú mi ti parí nìyẹn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Ìdí ilẹ̀kùn ni mo wà, n kò sì ní ohun mìíràn tí mo lè wò. Alájì tó máa ń wà ní ìta kí ìlù tó lù lẹ́ẹ̀kẹta wá ń kúnlẹ̀, ó ń wá bàtà tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Ìyàwó sójà, tó máa ń jáde bí Bàbá bá ti fọwọ́ kan àwo náà, dúró lọ́jọ́ kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa, kò sì lọ. N kò gbà á gbọ́. Ojú àánú náà máa ń rí bẹ́ẹ̀. Bóyá ẹnìkan ti sọ ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi fún wọn.

Nígbà tó yá, mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo gba Ìyànà Ìbà kọjá. Alájì wà láàárín táyà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń súfèé. Ibi tí fèrè ti ń fà yẹn ló ń fi súfèé, kò sì ṣi ibì kankan. Ó gbójú sókè, ó rí mi. Ìfé dákẹ́.

"Ìyàwó! Ẹ kú iṣẹ́ o!" ló ké, ó sì ń bínú sí táyà kan tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Mo kí i, mo kọjá. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kérésì ku díẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yí. Bàbá ti gbé àwo ìdìde sórí ẹ̀rọ, àwọn èèyàn ti dìde, ni wọ́n bá mú iná lọ. Ìyàwó Bàbá gbé ẹ̀pà sísun wọlé, wọ́n ní ká jókòó, iná á dé. Wọn kì í bá wa dá sí orin. Eruku títì ni ìjà tiwọn. Wọ́n rí i pé ó ti bo àwo náà, wọ́n gbé e, wọ́n fi etí ìró nù ún níwájú, wọ́n nù ún lẹ́yìn, wọ́n sì dá a padà.

Iná dé. Bàbá gbé abẹ́rẹ́ lé e láì wò ó.

Fèrè idẹ kọ́ ló dún. Fèrè kékeré kan ni, òun nìkan, bí ẹni tó jí kùtùkùtù tí inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn fáólíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ohùn kan náà, kí-kí-kí, kí-kí-kí.

"Èyí kọ́," ni Bàbá wí, ó na ọwọ́.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, Bàbá!" Ìyàwó sójà ni. Ó ti jókòó padà, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́. Ó wò mí. "Ìyàwó, ṣé kì í ṣe ibi tó ti ń kan ọkọ̀ ẹ̀ nìyẹn?"

"Òun ni, Àǹtí."

"Òòlù lẹ gbọ́ yẹn," ni ìyàwó sójà sọ fún àwọn yòókù.

"Ta ló ń kan ọkọ̀?" ni Alájì béèrè. Kò rí fíìmù náà.

Ìyàwó sójà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un bí àwo ṣe ń yí. Ibí yìí, ọmọbìnrin náà ń gbé oúnjẹ bọ̀ létí òkun. Ibí yìí, ìgbéyàwó ni. Ibí yìí, ọkọ̀ wọ omi, ẹ gbọ́ bó ṣe ń jù. Níbi kan tí fáólíìnì ti lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sọ nǹkan kan, mo sì mọ̀ pé búrẹ́dì lọkùnrin náà ń jẹ. Iwájú parí. Bàbá yí i sí ẹ̀yìn. Fèrè idẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ìlù ń lù, ẹyọ kan, ẹyọ kan, kò sì sẹ́ni tó wá bàtà.

Nígbà tó dákẹ́, ìyàwó sójà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Wọ́n ti ń sin ín kí a tó mọ̀ ọ́n," ló wí. "Ìyẹn ni n ò ṣe lè gbọ́ ọ."

"Bàbá ni o!" ni Alájì wí. "Ẹ̀yin lẹ fi ìsìnkú ṣáájú ìkómọ."

"Bí mo ṣe ń ṣe gbogbo wọn nìyẹn," ni Bàbá dáhùn, ojú ń tì í díẹ̀.

"Síbẹ̀síbẹ̀," ni Alájì wí, ó ń de okùn bàtà rẹ̀, "wọn ì bá wá olórin kan sí i. Ẹyọ kan péré."

Mo dìde láti wé àwo mi. Kò sí lórí ẹ̀rọ mọ́. Bàbá ti ti kọ́bọ́ọ̀dù, aṣọ ìnura mi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án sí mi. "Gbé aṣọ rẹ," ló wí. "Àwo ti dúró."

Mo ká aṣọ náà sí mẹ́rin. Bí mo ṣe ń lọ sílé, mo ń rò ó pé bóyá nítorí Kérésì ni wọ́n ṣe gbà á, pé tí ó bá di ọdún tuntun wọ́n lè ní kí n wá gbé e. Ìyá ọkọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wo abíyá mi ọ̀tún, wọ́n wo òsì.

"Àwo dà?"

"Wọ́n ti gbà á, Mà."

"Ta ló gbà á?"

"Gbogbo wọn, Mà."

"Èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọrin nínú ẹ̀ yẹn?"

"Òun ni, Mà."

Wọ́n fa ìró wọn jọ, wọ́n dìde, wọ́n sì yíjú padà sí mi láti ẹnu ilẹ̀kùn.

"Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí o lọ aṣọ mi dáadáa. Èmi náà ń bọ̀ níbẹ̀. Kí n fojú mi rí irú èèyàn tó gba nǹkan bẹ́ẹ̀."