Plugin Tó Gbé Àmín Pamọ́

Ẹ jókòó kí n rò fún yín ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ plugin! Ọpẹ́ ni mo fi ń sọ ọ́ báyìí o, ṣùgbọ́n ẹkún ni ì bá jẹ́.

Iṣẹ́ wẹ́búsáìtì ni mò ń ṣe ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń pè ní Bàbá Tíṣà, fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ní kí n bá àwọn ṣe wẹ́búsáìtì tí àwọn á máa kọ àdúrà sí ní gbogbo Mọ́ńdè. Mo ṣe é. Mo tún fi plugin kún un, ìyẹn àwọn nǹkan kéékèèké tó máa ń jẹ́ kí wẹ́búsáìtì ṣe iṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan wà fún àwòrán. Òmíràn ń lé àwọn oníjìbìtì tó máa ń wá kọ ìkọkúkọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni. Mo gbà pé mo ti ṣe bẹbẹ.

Àfi bí Bàbá ṣe pè mí lọ́jọ́ kan, tí wọ́n ní kí n bá àwọn ti nǹkan náà pa. Kí ló dé? Wọ́n ní látìgbà tí àwọn ti ń ṣàdúrà síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ṣe àmín rí.

"Ọmọ mi, ṣé àdúrà tí ò ní àmín tún ni ká máa pè ní àdúrà?"

Ha! Kí àgbàlagbà ṣàdúrà, kí ilé dákẹ́ lọ gbári? Ó dùn mí dé eegun. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi láyè di Sátidé.

Lọ́jọ́ kejì, mo ròyìn fún Alhaja tó ń ta fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ hostel wa, tí mo ti fi wẹ́búsáìtì Bàbá hàn tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí! Wọ́n ní gbogbo Mọ́ńdè làwọn ń ṣe àmín síbẹ̀, pé àwọn rò pé Bàbá kì í gbé e jáde torí pé mùsùlùmí làwọn ni.

"Àdúrà dáadáa ò mọ ṣọ́ọ̀ṣì, ò mọ mọ́ṣáláṣí, jàre," Alhaja ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo sáré lọ ṣí ibi tí plugin tó ń lé oníjìbìtì yẹn ń da ìdọ̀tí sí. Àmín! Àmíìn o! Àmín láṣẹ Olúwa! Wọ́n kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Plugin rí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà, ló bá ní oníjìbìtì ni wọ́n. Ẹni tó ṣe é ò kúkú mọ̀ pé bí a ṣe ń gbàdúrà níbí nìyẹn! Mo tú gbogbo wọn sílẹ̀, mo sì tún ètò rẹ̀ tò.

Nígbà tó di Sátidé, mo gbé fóònù fún Bàbá ní Ọ̀yọ́. Wọ́n ń ka orúkọ lọ, wọ́n ń dárúkọ àwọn tí wọ́n kọ́ ní praimárì. Wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n nu ojú. Ọ̀rọ̀ à ń ti nǹkan pa ti parí nìyẹn. Ní Mọ́ńdè, wọ́n gbàdúrà fún gbogbo ẹni tó ti dáhùn tí ohùn rẹ̀ ò dé etí ẹni tó ń retí rẹ̀.

Alhaja, mo dúpẹ́ o! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi plugin kún wẹ́búsáìtì, ẹ máa yẹ ohun tó ń dà nù wò. Ẹ̀yin yòókù ńkọ́? Ta lẹ rò pé ó dákẹ́ sí yín, tẹ́ ẹ wá rí i pé ó ti ń dáhùn tipẹ́? Ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ àmín nìkan lẹ ní, ẹ kọ ọ́, ó tó.