Ìrìn Gádì

Òórùn ẹfun tí a fi omi pò ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú, lẹ́yìn náà ni ìró òjò lórí páànù ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù. Àwa ọ̀dọ́ olùkọ́ mẹ́jọ la lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ọdún náà níbẹ̀, ní ìlú Atakpamé, nígbà tí àwọn Faransé ń ṣàkóso ilẹ̀ wa. Fada kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè òkun ló kó wa jọ láti kọ́ wa ní eré aláìfọhùn, eré tí a ń fi ojú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ la ẹnu. Ó ní àwọn tó ń sọ èdè Ifẹ̀ àti àwọn tó ń sọ èdè Ewe ni yóò jọ lóye ìtàn Jésù bí a bá fi ara sọ ọ́. Ìdí tèmi yàtọ̀. Ojo ni mí láti kékeré, bàbá mi a sì máa sọ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo wá rò pé eré tí kò lẹ́nu kò lè dá ọ̀ràn. Ọgbọ́n tí mo ní nígbà náà nìyẹn.

A kọ́ bí a ṣe ń ru ẹrù tí kò sí lórí, bí a ṣe ń mu omi nínú igbá òfìfo. Èyí tó le jù ni ògiri: kí èèyàn tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí afẹ́fẹ́ títí ẹni tó ń wò ó yóò fi rí ògiri níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ìlú Akparé, ló mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú wa. Ẹní kan la jọ ń sùn lé. Oṣù mẹ́ta péré ló fi jù mí lọ, síbẹ̀ kò gbà kí n pe òun lórúkọ láìfi ẹ̀gbọ́n kún un.

Ìjìyà Jésù la fẹ́ ṣe, òun sì ni ọmọ ogun tó mú Olúwa. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń lọ gba ara Olúwa nídìí pẹpẹ ló ń rìn. Fada ní kó lọ wá ẹnì kan tó ti rí rí, kó fara wé ìrìn onítọ̀hún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi tí mo ń bẹ̀rù òjìji ara mi ni mo sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, gádì ńkọ́?"

Gádì ni ẹ̀ṣọ́ ìjọba ìlú náà, tó ń kó èèyàn lọ síbi iṣẹ́ ọ̀nà lílà tipátipá. Mo dìde, mo yọ ikùn síwájú, mo wọ́ ẹsẹ̀ òsì, mo fa bẹ́líìtì sókè lẹ́ẹ̀mejì, mo wá na ìka sí i gẹ́gẹ́ bí gádì ṣe máa ń na ìka sí ẹni tó bá fẹ́ mú. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú sórí ẹní.

"Ìwọ ojo yìí! Níbo lo ti wò ó tó báyìí?"

"Ohun tó ń ba èèyàn lẹ́rù lèèyàn ń wò jù."

Lọ́jọ́ Àìkú tí a ṣe eré náà, àgbàlá kún. Nígbà náà, bí gádì bá ti wọ ibikíbi, dandan ni kí gbogbo èèyàn dìde, kí ọkùnrin sì ṣí fìlà. Pàṣán ló ń kọ́ ẹni tó bá gbàgbé. Ọmọ Akparé jáde, ó wọ́ ẹsẹ̀, ó fa bẹ́líìtì lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn àgbẹ̀ àdúgbò Agbonou tó wà níwájú dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ṣí fìlà. Ìyá àgbà kan ti ọmọkùnrin rẹ̀ tó ti dàgbà sẹ́yìn ara rẹ̀. Gbogbo àgbàlá ló dúró fún ẹni tó kun ẹfun sójú. Ìgbà náà lẹnì kan pariwo pé, "Ẹ jókòó jàre, olùkọ́ ni!" Ẹ̀rín bú. Èmi náà rẹ́rìn-ín, títí mo fi bojú wẹ̀yìn. Gádì gan-an ló dúró lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ti wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì dìde fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Fada ti lọ sí Notsé. Gádì dé, ó ní kí a tò sórí ìlà, ó sì dojú kọ ọmọ Akparé.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìrìn yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Ọ̀gá."

"Irọ́ ni. Ta ni?"

Ọmọ Akparé kò wò mí. Ahọ́n mi wà lẹ́nu, kò ṣàìsàn. Ẹsẹ̀ mi ni mo ń wò. Wọ́n mú un lọ síbi iṣẹ́ ọ̀nà. Nígbà tó dé ìkóríta, ó yíjú sí wa, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí afẹ́fẹ́. Mo rí ògiri náà kedere.

Kí iṣu tuntun tó jáde, ìròyìn dé pé òkúta ya lu òun àti àwọn mìíràn níbi tí wọ́n ti ń fọ́ ọ, ó sì pa wọ́n. Ìyá rẹ̀ wá gba ẹní àti aṣọ rẹ̀. Mo sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ mọ eré ṣe. N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irun mi ti ń funfun báyìí. Gádì ti kúrò ní ìlú wa, síbẹ̀ ẹ̀rù rẹ̀ kò jẹ́ kí n kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Lọ́jọ́ mìíràn mo máa ń rò pé ohun tí ògiri yẹn ń sọ ni pé kí n dúró síbi tí mo wà, kí n má jáde. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, mo máa ń rò pé èmi ló fi sé mọ́ òde. Láràárọ̀ tí mo bá wọ kíláàsì, àwọn ọmọ máa ń dìde fún mi lẹ́ẹ̀kan náà. Kíá ni mo máa ń ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n rò pé inú rere ni.